Agbára Tí Ó Wà Nínú Ọ̀rọ̀ Náà "Níran"

Ní ọjọ́ kan a ń yí ìtàn Gẹ̀ẹ́sì kan padà sí èdè wa ní kíláàsì, a sì kan ibi tí bàbá kan ti wo ọmọ rẹ̀ tí ó ń sunkún. Ọ̀rọ̀ tí òǹkọ̀wé fi júwe wíwò náà ni èyí tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń lò fún omi tútù àti fún ọyẹ́. Kíá ni púpọ̀ nínú wa kọ ọ́ pé, "Bàbá náà fi ojú tútù wò ó." Nígbà tí a kà á fún àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ kékeré tí a ti ń kọ́ iṣẹ́ olùkọ́, a bi wọ́n léèrè irú ẹni tí bàbá náà jẹ́. Wọ́n ní onínúure ni. Ojú tì wá, nítorí wọ́n gbọ́ Yorùbá jù wá lọ ní ọjọ́ náà.

Lọ́dọ̀ àwọn Gẹ̀ẹ́sì, òtútù a máa dúró fún ọkàn tí kò ní ìfẹ́. Lọ́dọ̀ tiwa, níbi tí oòrùn ti ń pa ni, ohun rere ni títutù: ẹni pẹ̀lẹ́ ni oníwà tútù, ohùn tútù a sì máa mú ìbínú rọ̀. Ọ̀rọ̀ mìíràn ni ó yẹ kí a wá, èyí tí a sì rí nígbẹ̀yìn ni "níran."

Ìran ni ohun tí a ń wò fún ìgbádùn ojú. Bí egúngún bá ń jó ní ojúde, a ó dúró ní ẹ̀gbẹ́ kan, a ó wòran, a ó sì bá tiwa lọ. Ẹni tí ó bá wo ọmọnìkejì rẹ̀ níran ti sọ ìpọ́njú onítọ̀hún di eré. Àwọn onígírámà lè bá wa jiyàn pé "ní" àti "ìran" ni a so pọ̀. Ṣùgbọ́n lẹ́nu wa ọ̀kan ṣoṣo ni. Ní ọdún 1852 pàápàá, nínú ìwé gírámà Crowther, Bíṣọ́ọ̀bù Vidal ti Sàró ti ṣe àkíyèsí bí àwọn ọ̀rọ̀ àpọ́nlé wa ti ní ìtumọ̀ tiwọn lọ́tọ̀ọ̀tọ̀.

Ẹ jẹ́ kí a wo gbólóhùn tí ọ̀kan nínú wa kọ: "Ọmọ náà ṣubú sínú odò pẹ̀lú iyọ̀ tí ó rù. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ dúró ní bèbè, ó ń wò ó níran." Òǹkọ̀wé kò sọ pé ẹ̀gbọ́n náà burú. Bí a bá yọ "níran" kúrò, a lè rò pé ẹ̀rù ni ó bà á, tàbí pé ó ń wá igi tí yóò nà sí i. Bí a bá fi "tàánútàánú" sí ipò rẹ̀, ọkàn wa yóò fà sí i. Ṣùgbọ́n "níran" ti gbogbo ìlẹ̀kùn wọ̀nyí. Ó tilẹ̀ jẹ́rìí pé ó lè ràn án lọ́wọ́, nítorí a kì í sọ pé ẹni tí a dè tọwọ́ tẹsẹ̀ ń wo ẹlòmíràn níran. Kì í sì í ṣe ìkórìíra: ọ̀tá ìbá yọ̀. Ẹni tí ó dágunlá ṣáà gbé ojú kúrò. Ẹni tí ń wò níran la ojú rẹ̀ sílẹ̀. Lójú tiwa, èyí burú jù.

Bí ó bá ṣe èrò ọ̀nà ni ó dúró ní bèbè, ọ̀rọ̀ náà kì bá tí wúwo tó bẹ́ẹ̀. Èyí ni a rí nígbà tí a padà lọ ka ìtàn bàbá náà pẹ̀lú ọ̀rọ̀ tuntun wa. Ọmọdébìnrin kan na ọwọ́ sókè, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, Tíṣà, ṣé kì í ṣe ọmọ rẹ̀ ni?"

Láti ìgbà náà ni "níran" ti ń gbilẹ̀ jù láàrin wa. Nínú àròkọ kan tí a kà ní ọ̀sẹ̀ tí ó kọjá, ó wà ní ẹ̀ẹ̀mẹta ní ojú ìwé kan. A fa igi lé méjì, a fi ti ìyá sílẹ̀.