Ọdún Dé, Eré Dé: Orin Ojúkojú àti Sinimá Ìta Gbangba ní Àwọn Ìletò Agbègbè Ìbàdàn

Ìfáárà

Bí ìsinmi ọdún bá ti wọlé, ìbáà ṣe Iléyá, Kérésìmesì tàbí Àjíǹde, ọkọ̀ àti èrò a máa pọ̀ lójú ọ̀nà tó so ìgboro Ìbàdàn mọ́ Mọ́níyà, Lálúpọn, Ẹ̀rúnmu àti Akánràn. Àwọn olórin a máa bá èrò náà rìn; nígbà kan rí, àwọn onísinimá náà a máa bá wọn rìn. Ìwádìí lórí eré Yorùbá sábà máa ń ya nǹkan wọ̀nyí sọ́tọ̀: orin ní àyè tirẹ̀, tíátà ní tirẹ̀, sinimá náà ní tirẹ̀. Ìpín yìí wúlò fún àyẹ̀wò ọ̀rọ̀ inú eré, ṣùgbọ́n kò ṣàlàyé ìdí tí àwọn ará ìletò kan náà fi ń tú jáde fún gbogbo wọn ní àsìkò kan náà. Ohun tí àpilẹ̀kọ yìí fẹ́ fi hàn ni pé ọdún ló so wọ́n pọ̀. Ọdún ló ń pinnu ẹni tó wà nílé, owó tó wà lápò àti ibi tí èrò yóò péjọ sí; nígbà mìíràn, òun gan-an ló ń bí irú eré tí a ó ṣe.

Ilé, Oko àti Ọjọ́ Ọdún

Ìjọba ìbílẹ̀ Akínyẹlé, Lágelú, Ẹgbẹ́dá àti Ọ̀nà-Àrà yí ìgboro Ìbàdàn ká láti àríwá títí dé gúúsù ìlà-oòrùn. Àwọn ìdílé Ìbàdàn ló dá ọ̀pọ̀ nínú àwọn abúlé ibẹ̀ sílẹ̀ fún iṣẹ́ oko. Ènìyàn lè gbé abúlé fún ogún ọdún, kí ó kọ́lé síbẹ̀, kí ó bímọ síbẹ̀, kí ó sì tún máa pe ibẹ̀ ní oko. Agboolé tó wà ní ìgboro, níbi tí Mọ́gàjí wà, ni ilé. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń pín ogún, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń sìnkú àgbà, ibẹ̀ náà ni wọ́n ti ń ṣọdún. Àwọn onímọ̀ bí Akin Mabogunje àti Bọ́láńlé Awẹ́ ti kọ̀wé tó jinlẹ̀ lórí bí ìlú Ìbàdàn ṣe rí. Síbẹ̀, àwọn tó ń kọ nípa eré kì í sábà fi àjọṣe ilé àti oko yìí ṣe òdiwọ̀n iṣẹ́ wọn.

Àjọṣe yìí ṣe pàtàkì fún ẹni tó ń ta eré. Ẹni tó bá gbé eré lọ sí abúlé lọ́jọ́ Iléyá gan-an lè bá ilẹ̀kùn títì, nítorí pé àwọn onílé ti wọ ìgboro lọ pa àgbò ní agboolé. Àwọn alágbàṣe àti àlejò tí kò ní agboolé ní Ìbàdàn ló máa ń ṣẹ́kù. Ìgboro ni èrò wà lọ́jọ́ náà. Bí ọdún bá rọlẹ̀ tán tí àwọn èèyàn sì padà sóko, ìgbà náà ni àyè ṣí sílẹ̀ ní abúlé. Kò rí bẹ́ẹ̀ ní gbogbo ibi, nítorí pé àwọn ìlú kan wà lágbègbè náà tí kì í ṣe oko ẹnikẹ́ni láti ìpilẹ̀ṣẹ̀. Ìlú ńlá ni Ìjàyè, tó wà ní Akínyẹlé lónìí, lábẹ́ Kúrunmí kí àwọn Ìbàdàn tó fọ́ ọ ní 1862. Ní irú ìlú bẹ́ẹ̀, ọmọ ìlú tó wà lẹ́yìn odi ló ń bọ̀ wálé wá ṣọdún. Nítorí náà, ìsinmi kan náà lè kó èrò kúrò ní ibì kan, kí ó sì kó wọn wá sí ibòmíràn tí kò jìnnà síbẹ̀.

Ojú ọjọ́ àti owó tún wà níbẹ̀. Kérésìmesì àti ọdún tuntun bọ́ sí ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, nígbà tí ọ̀nà abúlé ṣeé wakọ̀ tí owó kòkó sì ti ń wọlé. Iléyá àti Ìtúnu Ààwẹ̀ kò dúró lójú kan. Òṣùpá ni wọ́n ń tẹ̀lé, wọ́n sì ń fi bí ọjọ́ mọ́kànlá ṣáájú ti èṣí lọ́dọọdún, tó fi jẹ́ pé wọ́n lè bọ́ sínú ẹ̀ẹ̀rùn lọ́dún kan, kí wọ́n sì bọ́ sínú òjò àrọ̀ọ̀rọ̀dá lọ́dún mìíràn.

Orin tí Ọdún Bí

Kò sí ẹ̀rí tó dájú ju wéré lọ pé ọdún lè bí orin. Nínú oṣù Ramadan, àwọn ọ̀dọ́ a máa lu ìlù, wọ́n a sì máa kọrin kiri òru láti jí àwọn aláàwẹ̀ kí wọ́n lè jẹ sààrì. Ìdí nìyí tí a fi ń pè wọ́n ní ajísààrì. Ẹgbẹ́ àdúgbò kan a máa bá ti òmíràn díje. Nígbà tí ààwẹ̀ bá tú, àwọn tí ohùn wọn gbajúmọ̀ kì í fẹ́ dákẹ́ mọ́, àwọn èèyàn náà kì í sì í fẹ́ kí wọ́n dákẹ́. Bẹ́ẹ̀ ni orin tó jẹ́ ti oṣù kan ṣe di ti ìgbéyàwó, ìsọmọlórúkọ àti òkú àgbà. Ní Ìbàdàn, Dáúdà Epo Àkàrà gbé awúrebe jáde láti inú ìṣe yìí. Sikiru Ayinde Barrister, ẹni tí ìdílé rẹ̀ ti Ìbàdàn wá, bẹ̀rẹ̀ bí ọmọdé ajísààrì ní Èkó kí ó tó sọ orin tirẹ̀ ní fújì. Bí fújì bá ń dún ní Mọ́níyà tàbí Ẹgbẹ́dá lọ́jọ́ kejì ọdún lónìí, orin náà padà sí àsìkò tó bí i ni.

Ọdún àwọn Kìrìsìtẹ́nì náà ní tirẹ̀. Ojú irin tó gba Lálúpọn kọjá láti Ìbàdàn ló dé Òṣogbo ní 1907, ní Òṣogbo náà sì ni Dúró Ládipọ̀ ti fi ìlù Yorùbá sínú orin Àjíǹde tó ṣe fún ìjọ rẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960. Inú àwọn kan nínú ìjọ kò dùn sí i pé a lu irú ìlù bẹ́ẹ̀ nínú ilé Ọlọ́run. Àríyànjiyàn náà wà lára ohun tó gbé iṣẹ́ rẹ̀ jáde kúrò nínú ṣọ́ọ̀ṣì bọ́ sórí ìtàgé. Ní 1962, Mbari Mbayo ṣílẹ̀kùn ní Òṣogbo pẹ̀lú eré rẹ̀, Ọba Mọ́rò. Ọdún bí orin, orin sì di tíátà.

Sinimá Orí Pápá

Sinimá kọ́kọ́ dé ìletò gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ ìjọba. Ní 1939, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì dá Colonial Film Unit sílẹ̀. William Sellers, òṣìṣẹ́ ètò ìlera tó ti ń fi sinimá kọ́ àwọn èèyàn nípa àìsàn àti ìmọ́tótó ní Nàìjíríà, wà lára àwọn tó darí rẹ̀. Ọkọ̀ ló ń gbé ẹ̀rọ, jẹnẹrétọ̀ àti aṣọ funfun kiri. Ẹnì kan a dúró ti gbohùngbohùn, a sì máa fi èdè àdúgbò ṣàlàyé àwòrán bó ṣe ń lọ. Ọ̀fẹ́ ni, orí pápá ni, alẹ́ sì ni.

Nígbà tí sinimá elédè Yorùbá dé, ọ̀nà mìíràn ló gbà. Ajani Ogun, tí Ola Balogun darí, jáde ní 1976. Adéyẹmí Afọláyan, tí gbogbo ayé mọ̀ sí Adé Lọ́ọ̀fù, tẹ̀ lé e pẹ̀lú Ìjà Òmìnira, èyí tí wọ́n fà yọ láti inú Ọmọ Olókùn-Ẹṣin ti Adébáyọ̀ Fálétí. Hubert Ògúnńdé gbé Ayé jáde ní 1979, Jáiyésinmi ní 1980, àti Àròpin N Tènìyàn ní 1982. Òṣèré orí ìtàgé ni àwọn ọ̀gá méjèèjì yìí kí wọ́n tó di onísinimá. Bí wọ́n ti ń gbé tíátà kiri ni wọ́n ṣe gbé sinimá kiri.

Ohun tó fà á hàn gbangba. Òkè òkun ni wọ́n ti ń fọ fíìmù, owó rẹ̀ sì ga, nítorí náà ẹ̀dà tó wà lọ́wọ́ kò pọ̀. Ẹni tó bá fi ẹ̀dà rẹ̀ lé ẹlòmíràn lọ́wọ́ kò lè mọ iye èrò tó san owó ìwọlé, kò sì lè mọ̀ bóyá wọ́n ti jí i dà kọ. Ààbò tó wà fún un ni kí ó tẹ̀ lé e fúnra rẹ̀, kí ó háyà gbọ̀ngàn ìlú tàbí ilé ẹ̀kọ́, kí ó sì fi ènìyàn tirẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà. Ẹni tó bá ń ṣe báyìí kò lè wà níbi púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, nítorí náà ọjọ́ tí èrò pọ̀ jù ló gbọ́dọ̀ mú. Ọjọ́ ìsinmi nìyẹn.

Orin kò kúrò níbẹ̀. Láti ìgbà alárìnjó ni ìjúbà àti ijó ti ń ṣáájú eré. Ògúnńdé àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ sọ ọ́ di opening glee, orin àti ijó tó ń ṣí ìtàgé. Ìlú tó ti mọ ìṣe yìí kò ní ka sinimá tí kò ní orin ṣáájú sí eré tó pé. Ẹ̀rọ pàápàá fàyè gba ariwo èrò. Róòlù fíìmù onímìlímítà 16 tó tóbi dáadáa kì í sábà ju nǹkan bí wákàtí kan lọ. Níbi tí ẹ̀rọ bá jẹ́ ẹyọ kan, a gbọ́dọ̀ dúró kí a tó yí róòlù padà. Nínú ìdúró yẹn ni èrò ti ń jiyàn lórí ohun tí wọ́n rí, tí olóńjẹ sì ń tajà.

Fídíò àti Ìyapa

Láti 1986, nígbà tí ètò àtúntò ọrọ̀-ajé mú kí iye náírà já wálẹ̀, fíìmù kọjá agbára ọ̀pọ̀ onísinimá. Àyànmọ́ tí Ògúnńdé gbé jáde ní 1988 wà lára àwọn tó kẹ́yìn. Fídíò gba ipò rẹ̀. Ó dín owó kù, ó sọ ọ̀pọ̀ èèyàn di òṣèré, ó sì mú eré dé iyàrá àwọn tí kì í lè jáde lálẹ́. Ṣùgbọ́n ó gba sinimá lọ́wọ́ ọdún. Ẹni tó ní kásẹ́ẹ̀tì kò nílò láti dúró de Kérésìmesì. Orin ojúkojú kò ṣe bẹ́ẹ̀, nítorí pé olórin kan kò lè wà ní agboolé méjì lẹ́ẹ̀kan náà, owó tí wọ́n ń ná an sì nílò èrò tí yóò rí ẹni tó ń náwó. Ohun tó so orin àti sinimá pọ̀ tẹ́lẹ̀ já, orin nìkan ló sì ṣẹ́kù lórí pápá. Ibi tí àwòrán ṣì ti ń kó èrò jọ jù ní ìletò báyìí ni ilé ìwòran tí wọ́n ti ń sanwó wo bọ́ọ̀lù.

Àgbálọgbábọ̀

Ohun tó wà nínú ewu báyìí ju fíìmù lọ. Ẹ̀dà fíìmù kan lè bàjẹ́, kí wọ́n sì tún rí òmíràn níbì kan. Kò sí ẹ̀dà kejì fún alẹ́ ọdún tí wọ́n fi í hàn: ta ló wà nílé lọ́jọ́ náà, ta ló ti sóko, ta ló lu ìlù ṣáájú, èló ni owó ìwọlé, ta ni baálẹ̀ jẹ́ kó wọlé lọ́fẹ̀ẹ́. Èyí wà lẹ́nu àwọn onílù, àwọn tó ń ṣọ́ gbọ̀ngàn, àwọn tó ń háyà jẹnẹrétọ̀ àti àwọn obìnrin tó ń tajà lẹ́bàá pápá, ọ̀pọ̀ wọn sì ti darúgbó. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá fẹ́ kọ ìtàn sinimá Yorùbá lè bẹ̀rẹ̀ láti ilé ìkówèésí. Bí ó bá fẹ́ mọ ohun tí sinimá náà jẹ́ fún àwọn tó wò ó, ó yẹ kí ó dé Lálúpọn àti Akánràn. Kí ó tó wọkọ̀, kí ó kọ́kọ́ béèrè bóyá ilé ni wọ́n wà tàbí oko.