Ṣé O Mọ̀? Kì Í Ṣe Gbogbo Nọ́ńbà Ló Ṣe É Rò Pọ̀

Ṣé o mọ̀ pé láti ọdún 1948 ni àwọn oníṣègùn ti ń tẹ̀ lé àwọn ará Framingham, ní ìpínlẹ̀ Massachusetts ní Amẹ́ríkà, láti mọ ohun tó ń fa àrùn ọkàn? Ènìyàn 5,209 ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀: ọkùnrin 2,336, obìnrin 2,873.

Ṣé o mọ̀ pé 1 ló dúró fún ọkùnrin nínú dàtà wọn, tí 2 dúró fún obìnrin? Ní kí kọ̀ǹpútà ro ti gbogbo wọn pọ̀, kó pín in, 1.55 ni yóò gbé jáde, kò ní janpata rárá. Ta wá ni 1.55? Orúkọ ni 1 àti 2 yẹn, aṣọ nọ́ńbà ni wọ́n wọ̀. Ìsọ̀rí ni wọ́n, wọn kì í ṣe iye.

Nọ́ńbà káàdì ilé ìwòsàn rẹ náà ńkọ́? Ìsọ̀rí ni.

Ṣé o mọ̀ pé òpó méjì ni sìgá ní nínú dàtà yìí? Ọ̀kan ń bèèrè bóyá èèyàn ń mu ún: 0 tàbí 1, ìsọ̀rí nìyẹn. Èkejì ń bèèrè iye tó ń mu lójúmọ́, iye gidi sì ni, torí ẹni tó mu 20 mu ìlọ́po méjì ẹni tó mu 10.

Nínú dàtà yìí kan náà, ìwé kíkà gba ipele 1 dé 4. Ó ní ìtẹ̀léra, àmọ́ ta ló lè wọn àlàfo àárín wọn?

Ṣé o mọ̀ pé lọ́dún 2017, ẹgbẹ́ àwọn oníṣègùn ọkàn ní Amẹ́ríkà gbé ààlà ẹ̀jẹ̀ ríru kúrò ní 140/90 wá sí 130/80? Ẹni tí ìfúnpá rẹ̀ jẹ́ 138/78 sùn láìní ẹ̀jẹ̀ ríru, ó jí pẹ̀lú rẹ̀. Nínú àgbàlagbà ọgọ́rùn-ún níbẹ̀, àwọn tó ní in fò láti nǹkan bíi 32 sí 46, bẹ́ẹ̀ kò sí ohun tó yí padà nínú iṣan ẹnikẹ́ni. Ìdí nìyí tó fi ń dùn mí bí olùwádìí bá kọ “ó ní in” tàbí “kò ní in” nìkan sílẹ̀. Ẹni tó kọ 138 lè tún un pín bí ààlà bá yí; ẹni tó kọ “kò ní in” ti pàdánù 138 yẹn pátápátá.

Ṣé o mọ̀ pé Virginia Apgar, dókítà ará Amẹ́ríkà, ló gbé máàkì tí wọ́n ń fún ọmọ tuntun kalẹ̀ lọ́dún 1952? Ohun márùn-ún ni wọ́n ń wò: àwọ̀, lílù ọkàn, bó ṣe ń jí gìrì bí wọ́n bá fọwọ́ kàn án, okun iṣan àti mímí. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ń gba 0, 1 tàbí 2. Bí ọkàn bá lù ní ìgbà 99 ní ìṣẹ́jú kan, 1 ni. Bó bá lù ní 100, 2 ni. Bó bá lù ní 150, 2 náà ni. Nọ́ọ̀sì á wá ro márààrún pọ̀. Ọmọ tó gba 8 sàn ju ọmọ tó gba 4 lọ, ṣùgbọ́n ìlera rẹ̀ kì í ṣe ìlọ́po méjì ti ẹni tó gba 4.