Olú Ẹ̀dá-Ìtàn Méjì nínú Ìtàn Àròsọ Yorùbá: Ẹ̀kọ́ láti Èkó fún Òǹkọ̀wé tí ń Wá Atẹ̀wé

Ìfáárà

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní agbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá, òṣìkà ènìyàn. Orí òótọ́ yìí ni ìtàn àròsọ olú ẹ̀dá-ìtàn méjì dúró lé. Òǹkàwé ni adájọ́. Ojúṣe òǹkọ̀wé ni láti jẹ́ kí ó gbọ́ tẹnu ẹni méjèèjì. Irú ìtàn bẹ́ẹ̀ ṣòro í kọ, kò sì rọrùn láti rí atẹ̀wé fún un. Iṣẹ́ yìí ṣàlàyé bí a ṣe lè borí ìṣòro méjèèjì.

Ohùn Kan, Ẹni Méjì

Láti oṣù Keje ọdún 1929 títí di oṣù Kẹta ọdún 1930 ni Isaac Babalọlá Thomas, olóòtú ìwé ìròyìn Akéde Èkó, ń tẹ ìtàn ìgbésí ayé Ṣẹ̀gilọlá Ẹlẹ́yinjú Ẹgẹ́ jáde ní ìpín-ìpín, bí ẹni pé obìnrin náà fúnra rẹ̀ ni ó ń kọ lẹ́tà sí olóòtú. Ní ọdún 1930 kan náà ni ó di ìwé. Ọ̀pọ̀ onímọ̀ ni ó kà á sí ìtàn àròsọ gígùn àkọ́kọ́ ní èdè Yorùbá.

Olú ẹ̀dá-ìtàn kan ṣoṣo ni ó wà níbẹ̀, síbẹ̀ ẹni méjì ni òǹkàwé ń bá pàdé: ọ̀dọ́mọbìnrin arẹwà tí ń jayé orí rẹ̀ ní Èkó, àti aláìsàn tí ń fi omijé wẹ̀yìn wò. Èkejì ń dá àkọ́kọ́ lẹ́bi, ṣùgbọ́n adùn ayé àtijọ́ kò tíì tán lẹ́nu rẹ̀. Ìjà yìí ni ó gbé ìtàn náà ró. Adébáyọ̀ Fálétí tẹ̀ síwájú nínú Ọmọ Olókùn-Ẹṣin (1969), níbi tí Àjàyí, Ìbíwùmí àti Àyọ̀wí ti ń sọ ìtàn ìjàǹgbara kan náà. Ibi tí ojú ẹnìkan kò tó, ẹlòmíràn a sọ ọ́.

Ìlànà fún Òǹkọ̀wé

Ẹ jẹ́ kí á fi agbo ilé kan ní Ìsàlẹ̀ Èkó ṣe àpẹẹrẹ. Ẹ̀gbọ́n fẹ́ kí ilé bàbá wọn dúró. Àbúrò rẹ̀ obìnrin, tí ń ta aṣọ ní Ìdúmọ̀tà, fẹ́ kí wọ́n tà á kí òwò rẹ̀ má baà wó.

Èkíní, ìfẹ́ ọkàn wọn gbọ́dọ̀ takora, kí ẹnikẹ́ni má sì jẹ̀bi pátápátá. Èkejì, ìsọ̀rọ̀sí wọn gbọ́dọ̀ yàtọ̀: ẹ̀gbọ́n lè máa fi oríkì àti ìtàn ìdílé sọ̀rọ̀, kí àbúrò máa fi iye owó àti ọjọ́ gbèsè sọ ọ́. Ẹ̀kẹta, bí àwọn méjèèjì bá rí ìṣẹ̀lẹ̀ kan, ìríran kejì gbọ́dọ̀ fi nǹkan kún ti àkọ́kọ́. Lọ́jọ́ Ẹ̀yọ̀ Adámú Òrìṣà, ẹ̀gbọ́n rí ẹ̀yẹ fún olóògbé. Àbúrò rí ọjọ́ tí ṣọ́ọ̀bù wà ní títì.

Òṣùwọ̀n rẹ̀ kò le: bí a bá yọ ẹnìkan tí ìtàn sì ń lọ geere, amúgbálẹ́gbẹ̀ẹ́ ni onítọ̀hún, kì í ṣe olú ẹ̀dá-ìtàn.

Ọ̀nà Ọ̀dọ̀ Atẹ̀wé

Thomas ni ó ni ìwé ìròyìn rẹ̀. Kò nílò àṣẹ ẹnikẹ́ni. Òǹkọ̀wé tuntun kò ní irú àǹfààní bẹ́ẹ̀. Nítorí pé ilé ẹ̀kọ́ ni ọjà ìwé Yorùbá gbára lé jù, atẹ̀wé a máa bèèrè bí ìwé yóò ti gùn tó àti kíláàsì tí yóò lò ó. Nítorí náà, kí òǹkọ̀wé parí iṣẹ́ kí ó tó fi ránṣẹ́. Kí ó tẹ̀lé àkọtọ́ ọdún 1974, kí ó sì fi àmì ohùn sí i. Kí àkékúrú ojú ewé kan sọ ìbéèrè tí ó so àwọn méjèèjì pọ̀. Kí àwọn orí tí yóò fi ṣáájú sì gbé ohùn méjèèjì jáde.

Bí atẹ̀wé bá ní kí a yọ ẹnìkan, kí òǹkọ̀wé má yára bínú, kí ó má sì yára gbà. Kí ó padà sí òṣùwọ̀n òkè yìí. Bí ìtàn bá dúró, atẹ̀wé ló jàre. Bí ó bá wó, kí òǹkọ̀wé fi ìdí rẹ̀ hàn án nínú ìwé gan-an.

Àgbálọgbábọ̀

Olùkọ́ lè bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ yìí ní kíláàsì: kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ ìjà kan lẹ́ẹ̀mejì, láti ẹnu ẹni méjì. Èyí tí ó bá mú kí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣiyèméjì nípa ẹni tí ó jàre ti rí ọ̀nà.