Nígbà Tí Ikùn Bá Ní Èèwọ̀

Bí a bá gbé oúnjẹ ka iwájú ìyá kan tó jẹ́ olórìṣà ní àdúgbò Gnagna ní Atakpamé, tí ó sì yọ ohun kan sílẹ̀ nínú àwo, kò sẹ́ni tí yóò bi í pé kí ló dé. Èèwọ̀ rẹ̀ ni. Ọmọdé inú ilé pàápàá mọ̀ pé ohun tí ìyá yìí kì í jẹ, kò ní í jẹ ẹ́ lónìí, kò ní í jẹ ẹ́ lọ́la, bí ọbẹ̀ ti wù kó dùn tó. Ẹni tó se oúnjẹ kò ní bínú, àlejò kò sì ní sọ pé ó ń gbéra ga. Àwa Ifẹ̀ tí a wà ní Tógò, tí àwọn ìwé kan ń pè ní Ana, bá àṣà yìí lọ́wọ́ àwọn baba wa, bí a ṣe bá èdè wa àti ọdún iṣu tí a ń pè ní Odon-Itsu.

Mo gbé ọ̀rọ̀ èèwọ̀ síwájú nítorí iṣẹ́ abẹ kan tí ọ̀pọ̀ wa kò tíì fojú rí, ṣùgbọ́n tí ìròyìn rẹ̀ ń dé etí wa láti ẹnu àwọn ìbátan tó wà ní Lomé, Lagos, Paris àti New York: èyí tí wọ́n ń ṣe sí ikùn ẹni tó sanra jù, kí ara rẹ̀ lè fúyẹ́. Wákàtí díẹ̀ ni dókítà fi ń parí iṣẹ́ tirẹ̀. Ẹni tí wọ́n ṣe é fún ti di ẹni tó ní èèwọ̀ títí ọjọ́ ayé rẹ̀, ó sì tọ́ kí ará ilé bọ̀wọ̀ fún èèwọ̀ náà bí a ṣe ń bọ̀wọ̀ fún ti olórìṣà.

Iṣẹ́ yìí ti pẹ́ láyé. Ní yunifásítì Iowa ní Amẹ́ríkà, oníṣẹ́ abẹ kan tó ń jẹ́ Edward Mason kíyè sí i pé àwọn obìnrin tí wọ́n ti gé apá kan ikùn wọn nítorí ọgbẹ́ inú kì í sábà sanra mọ́. Ibẹ̀ ni òun àti ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, Chikashi Ito, ti mú un: ní 1966 wọ́n pín ikùn sí méjì, wọ́n fi apá kékeré tó wà lókè sílẹ̀ fún oúnjẹ, wọ́n sì so ó mọ́ ìfun. Lóde òní, àpò kékeré yẹn kì í sábà gbà ju nǹkan bíi mìlílítà 30 lọ. Irú kejì, èyí tí wọ́n ń ṣe jù lọ lágbàáyé báyìí, ni kí wọ́n gé nǹkan bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin ikùn kúrò lóòró, kí ìyókù wá rí tóóró. Apá tí wọ́n gé sọnù yẹn gan-an ló ń pèsè èyí tó pọ̀ jù nínú ghrelin, èròjà tó ń sọ fún ọpọlọ pé ebi ń pa wá. Ìdí nìyẹn tí ebi fi ń fi ọ̀pọ̀ wọn sílẹ̀ ní àwọn oṣù àkọ́kọ́.

Ẹni tó kàn fẹ́ kí aṣọ ba òun mu kọ́ ni wọ́n ń ṣe é fún. Òṣùwọ̀n wà. Wọ́n á fi gíga ènìyàn ní mítà sọ ara rẹ̀ di púpọ̀, wọ́n á sì fi ohun tí wọ́n bá rí pín kílò rẹ̀. Ní 1991, àwọn onímọ̀ ní Amẹ́ríkà fi ààlà sí 40, tàbí 35 fún ẹni tí àtọ̀gbẹ tàbí irú àìsàn bẹ́ẹ̀ ń bá jà. Ní 2022, ẹgbẹ́ àwọn oníṣẹ́ abẹ yìí sọ̀ ọ́ kalẹ̀ sí 35, àìsàn ì báà wà tàbí kó má wà. Ẹni tó ga ní mítà 1.60 tó sì wọn kílò 90 ti wọ ibẹ̀. Èrè rẹ̀ ju ẹwà lọ. Ní Sweden, wọ́n tẹ̀ lé ènìyàn 4,047 láti 1987 wá, àwọn kan ṣe iṣẹ́ abẹ, àwọn yòókù gba ìtọ́jú tó wọ́pọ̀; nígbà tí wọ́n gbé àbọ̀ jáde ní 2007, ikú kéré láàárín àwọn tó ṣe é.

Síbẹ̀, ọ̀bẹ kì í dá iṣẹ́ náà ṣe. Gbogbo wa la mọ Diego Maradona, agbábọ́ọ̀lù nì. Ní 2005 ó ṣe é ní Cartagena ní Kòlóńbíà, ara rẹ̀ sì fúyẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn tó rí i lórí tẹlifíṣọ̀n lọ́dún yẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ má gbà pé òun ni. Ara náà padà bọ̀. Ní 2015 ó tún padà sábẹ́ ọ̀bẹ ní Fẹnẹsúẹ́là. Mi ò mú un wá láti bú òkú. Ikùn tí a gé lè tún fẹ̀, oúnjẹ dídùn tó ń ṣàn kò sì nílò àyè púpọ̀ kó tó wọlé.

Nígbà tó bá ku ọ̀sẹ̀ méjì sí iṣẹ́ abẹ ni èèwọ̀ oúnjẹ ti ń bẹ̀rẹ̀, ẹ̀dọ̀ ló sì fà á. Ẹ̀dọ̀ bo apá kan ikùn. Lára ẹni tó sanra púpọ̀, ọ̀rá máa ń kún inú rẹ̀, á wú, á wúwo, oníṣẹ́ abẹ tó ń fi irin tín-ín-rín àti kámẹ́rà gba ojú ihò kéékèèké wọlé kò sì ní rí i gbé kúrò lọ́nà láìṣe é léṣe. Bí ènìyàn bá dín oúnjẹ kù gidigidi, pàápàá iṣu, àgbàdo, ìrẹsì àti ohun oníṣúgà, ara á máa ná ohun tí ẹ̀dọ̀ ti kó pamọ́, ẹ̀dọ̀ á sì súnkì. Ọ̀pọ̀ ilé ìwòsàn ń fi oúnjẹ ọ̀sẹ̀ méjì yìí sí nǹkan bíi kálórì 800 sí 1,000 lójúmọ́. Ní Atakpamé, ìyẹn ni pé kò sí fufu, kò sí akumé, kò sí wáché, kò sí búrẹ́dì àárọ̀, kò sí bíà. Ohun tó ṣẹ́ kù kò burú rárá: ẹja láti adágún Nangbéto lórí odò Mono, ẹyin, gbòma, adémè tí àwọn ará Nàìjíríà ń pè ní ewédú, àti wàrà àwọn Fúlàní níwọ̀nba. Kí ẹni tó ń lo oògùn àtọ̀gbẹ má dá a bẹ̀rẹ̀ láìsọ fún dókítà o, nítorí oògùn tó tó fún àwo fufu ńlá lè já ṣúgà ẹ̀jẹ̀ ẹni tó jẹ ẹyin méjì wálẹ̀ débi tí yóò fi dákú. Ẹni tó ń mu sìgá gbọ́dọ̀ ti jáwọ́ ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ṣáájú, ó kéré tán.

Lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, omi ni a fi ń bẹ̀rẹ̀, díẹ̀díẹ̀. Fún nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì, ohun mímu nìkan ló kù: omi ọbẹ̀ ẹja tí a sẹ́, mílíìkì tí wọ́n ti yọ ọ̀rá rẹ̀, omi sóyà. Ẹ̀kọ mímu ni ará ilé yóò kọ́kọ́ sáré gbé wá, torí òun là ń fún aláìsàn. Ó dára fún ọ̀fun, ṣùgbọ́n ẹ̀kọ lásán kò ní amúaradàgbà tó, bẹ́ẹ̀ ohun tí ara nílò jù nìyẹn kí ojú ọgbẹ́ lè jiná, kí iṣan má sì yọ́ dànù pẹ̀lú ọ̀rá. Gírámù 60 ó kéré tán lójúmọ́ ni wọ́n ń wá. Ẹ po mílíìkì oníyẹ̀fun tàbí ìyẹ̀fun sóyà tó kúnná mọ́ ọn, ẹ má sì bu ṣúgà sí i: lára ẹni tí wọ́n so ikùn rẹ̀ mọ́ ìfun, ṣúgà máa ń já wọ ìfun lójijì, àyà á máa lù kìkì, òógùn á bò ó, inú á máa run ún, òòyì á sì máa kọ́ ọ. Lẹ́yìn ohun mímu ni ohun tí a lọ̀ kúnná, bí ẹ̀wà tí a ti bó èèpo rẹ̀; lẹ́yìn ìyẹn ni ohun rírọ̀, bí mọ́ín-mọ́ín, ẹyin, adémè tí a fi ẹja tí kò léegun sè. Ó di nǹkan bí oṣù méjì kó tó máa fi eyín rẹ̀ ṣiṣẹ́ gidi. Ilé ìwòsàn kọ̀ọ̀kan ní ètò tirẹ̀, ètò ẹni tó gé ikùn náà sì ni kí a tẹ̀ lé.

Ní àwọn ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ wọ̀nyí ni ọ̀rọ̀ kan ń bà mí lẹ́rù jù nípa àdúgbò wa. Bí ara ènìyàn bá gbóná ní Atakpamé, ibà lọ́rọ̀ kàn. A ó ra oògùn ibà, a ó se ewé, a ó ní kó sùn. Ara gbígbóná lẹ́yìn irú iṣẹ́ abẹ yìí, pàápàá bí ọkàn bá ń sáré, bí inú tàbí èjìká bá ń dùn ún, lè jẹ́ pé ojú ibi tí wọ́n rán ti ń jò síta ikùn, sínú ara. Ìyẹn kì í dúró de ọ̀la. Kí wọ́n yẹ ibà wò, bẹ́ẹ̀ ni, ṣùgbọ́n ilé ìwòsàn tí oníṣẹ́ abẹ wà ni kí wọ́n ti yẹ̀ ẹ́ wò, lọ́jọ́ náà gan-an. Èébì tí kò dáwọ́ dúró náà kì í ṣe ohun tí à ń fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú: ó lè gbẹ fítámì B1 kúrò lára láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀, ẹsẹ̀ á kú tipiri, ojú á máa rí méjì méjì, ọ̀rọ̀ á sì máa dàrú.

Ó tún kan fufu, ìyẹn iyán tiwa, tó jẹ́ pé òun ló máa dun ilé jù. Àwa kì í rún iyán lẹ́nu, a ń gbé òkèlè mì ni, a sì ń fi bẹ́ẹ̀ kọ́ ọmọ. Ikùn tuntun kò gba òkèlè. Ohun tí a kò bá rún kúnná, tó sì lẹ̀ bí iyán, lè há sí ẹnu ọ̀nà tóóró yẹn, onítọ̀hún á máa mí gúlegúle, itọ́ á máa dà lẹ́nu rẹ̀, títí yóò fi bì í jáde. Bí oṣù ti ń lọ, ẹlòmíràn lè tọ́ ìwọ̀n kékeré wò, kó rún un. Ẹlòmíràn kò ní lè jẹ ẹ́ mọ́. Bákan náà ni kò gbọ́dọ̀ gún un fún nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, bẹ́ẹ̀ ni kò gbọ́dọ̀ ru omi, torí odó àti garawa máa ń fa ojú ọgbẹ́ inú ya. Rírìn ni tirẹ̀, láti ọjọ́ kìíní, kí ẹ̀jẹ̀ má baà dì ní ẹsẹ̀. Òkè Atakpamé yóò ṣe é lóore nígbà tó bá yá.

Àwo àjọjẹ tún ṣòro. Nígbà tí ọwọ́ mẹ́rin bá wà nínú àwo kan, àwo ló ń pinnu bí a ṣe ń yára tó, ẹni tó ń rún òkèlè kan nígbà ogún yóò bá òfìfo. Kó ní àwo tirẹ̀, kékeré. Kó kọ́kọ́ jẹ ẹja tàbí ẹ̀wà, kó tó kan ẹ̀fọ́, kí akumé wá gbẹ̀yìn bí àyè bá kù. Kó má mu omi pẹ̀lú oúnjẹ; kó dúró fún ìdajì wákàtí lẹ́yìn rẹ̀, kó sì máa fà á díẹ̀díẹ̀ ní gbogbo ọjọ́, tó lítà kan àbọ̀, ju bẹ́ẹ̀ lọ nígbà ooru. Ẹ̀yin ìyá, nígbà tó bá ní ó ti tó, ó ti tó. Ẹ má wí pé ọbẹ̀ yín kò dùn mọ́ ọn. Kí ẹ má sì fi ẹ̀bẹ̀ kún àwo rẹ̀.

Níbi ìsìnkú, wọn yóò nawọ́ ọtí sódábì sí i. Ọtí tètè ń wọ ẹ̀jẹ̀ ẹni tí wọ́n ti ṣiṣẹ́ abẹ yìí fún, ó sì máa ń pẹ́ kó tó kúrò. Ife kan lè dà á láàmú bí ife mélòó kan, àwọn kan sì ti di onímukúmu láti ọdún kejì lọ. Kó ta á sílẹ̀ fún àwọn baba ńlá, kó gbé ife padà. Ìrora ẹsẹ̀ náà ní èèwọ̀ tirẹ̀: ibuprofen àti diclofenac tí wọ́n ń tà kiri ọjà máa ń dá ọgbẹ́ sí ojú ìsopọ̀ ikùn. Kó béèrè paracetamol.

Nígbà tí ara bá wá ń fà, ahọ́n ìlú yóò bẹ̀rẹ̀. Lọ́dọ̀ wa, ẹni tó rù lójijì, àìsàn ni wọ́n ń fojú rẹ̀ wò, tàbí kí wọ́n ní ọkọ kò tọ́jú rẹ̀. Láàárín oṣù kẹta sí ìkẹfà, irun tún lè máa re. Èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ máa ń hù padà bí oúnjẹ bá tọ́, ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ obìnrin, ojú á ti tì í. Mo mọ̀ pé àwọn kan yóò fẹ́ fi gbogbo rẹ̀ ṣe àṣírí, ẹ̀tọ́ wọn ni. Kí ẹnì kan nínú ilé ṣáà mọ̀, torí ọjọ́ tí ara bá gbóná. Oyún náà ń tètè dúró nígbà tí ọ̀rá bá dín, bẹ́ẹ̀ kò yẹ kó dé kí oṣù 12 sí 18 tó pé lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, nítorí ara tó ń ná ohun tó kó pamọ́ kò ní tó fún ọmọ. Kí ìyá ọkọ fara balẹ̀.

Ẹni tó bá lọ ṣe é lókèèrè, ì báà jẹ́ Tùnísíà tàbí Lagos, kó gba ìwé tí wọ́n kọ ní Faransé bọ̀: irú iṣẹ́ abẹ tí wọ́n ṣe, ọjọ́ rẹ̀, oògùn tí yóò máa lò. Ìwé yẹn ni dókítà Atakpamé máa kà lóru ọjọ́ tí inú bá ń dùn ún, níbi tí ẹni tó gé ikùn kò sí. Fítámì, irin àti kálísíọ̀mù jẹ́ ti ojoojúmọ́, títí ayé, àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ sì ni lọ́dọọdún, ì báà rẹ̀ ẹ́, ì báà má rẹ̀ ẹ́. Fítámì B12 ló ń tan ènìyàn jẹ jù nínú wọn: ẹ̀dọ̀ máa ń tọ́jú rẹ̀ pamọ́, onítọ̀hún lè pa oògùn tì fún ọdún kan tàbí méjì kí ara rẹ̀ ṣì le koko, kí ọwọ́ àti ẹsẹ̀ rẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ sí í kú, nígbà mìíràn tí ìbàjẹ́ náà kò sì ní ṣeé tún ṣe mọ́.