Debian àti OpenBSD: Ta Ló Mọ Ìwé Àlàyé Pàtẹ Jù?

November 3, 1971 ni Ken Thompson àti Dennis Ritchie gbé ìwé àlàyé Unix àkọ́kọ́ jáde ní Bell Labs. Láti ìgbà náà, bí àṣẹ kan bá rú ènìyàn lójú, ojú-ìwé man ló máa ń ṣí. Ọ̀pọ̀ ló ti wá ń fi búráúsà kà á báyìí dípò tẹ́míná. Ìkànnì méjì tí mo fẹ́ fi wéra ni manpages.debian.org, ti Debian tó jẹ́ ẹ̀yà Linux, àti man.openbsd.org, ti OpenBSD tó jẹ́ ìbátan Unix.

Ètò kan náà, mandoc, ló ń sọ ìwé náà di HTML fún àwọn méjèèjì, nítorí náà ìrísí wọn kò fi bẹ́ẹ̀ jìnnà síra. Debian ti ń ṣe gbogbo ojú-ìwé sílẹ̀. OpenBSD ń ṣe tirẹ̀ nígbà tí a bá béèrè. Òǹkàwé kò ní mọ ìyàtọ̀. Àwọn méjèèjì fúyẹ́, wọn kì í jẹ dátà.

Ibi ìwákiri ni OpenBSD ti fẹ̀yìn Debian gbálẹ̀. Inú àpótí Debian, orúkọ ojú-ìwé lo gbọ́dọ̀ mọ̀. Bí o kò bá mọ̀ ọ́n ńkọ́? O dúró síbẹ̀ nìyẹn. OpenBSD ní apropos: kọ ohun tó o fẹ́ ṣe, yóò to àwọn ojú-ìwé tó jọ mọ́ ọn fún ọ. Mdoc ni wọ́n fi ń kọ ìwé wọn, ó sì máa ń sọ èyí tó jẹ́ àṣàyàn àti èyí tó jẹ́ orúkọ fọ́ńṣọ̀n, débi pé o lè wá ọ̀kan ṣoṣo nínú wọn.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ẹ̀dà ló kà jù lójú tèmi. Àwọn ará OpenBSD ló ń ṣe OpenSSH, ètò tí a fi ń wọ sáfà láti òkèèrè, nítorí náà ọ̀pọ̀ oníLinux ló ń yà sí ìkànnì wọn láti ka ojú-ìwé sshd_config, fáìlì ìṣètò sshd tó ń gba àlejò wọlé sí sáfà. Ẹ̀dà tí wọ́n ṣì ń ṣe lọ́wọ́ ni yóò ṣí sí wọn lójú. Wọ́n á rí àṣàyàn tó ń jẹ́ PubkeyAcceptedAlgorithms níbẹ̀. OpenSSH 8.5, tó jáde ní oṣù kẹta 2021, ló mú orúkọ yẹn wá. PubkeyAcceptedKeyTypes ló ń jẹ́ tẹ́lẹ̀. Debian 11 sì rèé, 8.4 ló wà nínú rẹ̀. Bí ẹni tó ń lò ó bá kọ orúkọ tuntun náà sínú fáìlì rẹ̀, tó sì tún sshd tan, sshd kò ní gbéra. Bí sáfà náà bá wà lókè òkun, tí onítọ̀hún sì ti jáde, ó ti ti ara rẹ̀ mọ́ta nìyẹn.

Lóòótọ́, OpenBSD ní ibi tí a ti ń yan ẹ̀dà, ṣùgbọ́n ẹ̀dà OpenBSD ni, kò sì jẹbi. Àwọn ènìyàn tirẹ̀ ló ń kọ̀wé fún. Debian ní tirẹ̀ to orúkọ àwọn ẹ̀dà rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú-ìwé, bullseye, bookworm àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ, ó sì kọ nọ́ńbà ẹ̀dà ètò tí ojú-ìwé náà wà fún síbẹ̀. Ó tún ní ibi tí a ti ń yan èdè, bí ẹnì kan bá ti túmọ̀ ojú-ìwé náà.

Nítorí náà, Debian ni mo gbé ipò kìíní fún, bí ìwákiri rẹ̀ tilẹ̀ kù díẹ̀ káàtó. Ẹ̀yin tí ẹ ń tún irú ìkànnì bẹ́ẹ̀ ṣe, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ nọ́ńbà ẹ̀dà gàdàgbà sókè ná, kí ẹ tó máa ronú nípa àwọ̀.