BÍ A TI Í MỌ OHUN TÍ A Ó BÉÈRÈ NÍPA ÒWÒ
Àsọyé fún àwọn tí ń ṣe ìwádìí

Ọ̀rọ̀ tí a gbé ka iwájú wa ní ìrọ̀lẹ́ yìí ni ọ̀rọ̀ ìwádìí nípa òwò. Kì í ṣe bí a ti í tajà ni a fẹ́ kọ́, nítorí àwọn ìyá wa ti kọ́ wa ní èyíinì láti ìdí àtẹ wọn. Ohun tí a fẹ́ kọ́ ni bí ènìyàn ti í wá ìdí ohun tí ń dí òwò lọ́wọ́, kí ó sì rí ìdí náà nítòótọ́. Iṣẹ́ méjì ni ó ṣáájú. Èkínní ni kí a mọ ohun tí a ń béèrè, kí a sì lè sọ ọ́ ní gbólóhùn kan. Èkejì ni kí a ka ohun tí àwọn tí ó ṣáájú wa ti kọ lórí rẹ̀. Àwọn àgbà ní abéèrè kì í ṣìnà. Òtítọ́ ni, ṣùgbọ́n ẹni tí ó ń lọ sí Ìdó, tí ó wá ń béèrè ọ̀nà Ìkẹ́rẹ́ ní Adó, bí a tilẹ̀ dá a lóhùn dáadáa, yóò ṣìnà síbẹ̀.

I. Ìṣòro kì í ṣe ìbéèrè

Ìṣòro ni ohun tí ń dun ènìyàn. Ìbéèrè ni ohun tí a lè wá ìdáhùn sí. Ẹni tí ó wí fún oníṣègùn pé, “Orí ń fọ́ mi,” ti sọ ohun tí ń dùn ún, ṣùgbọ́n kò tíì sọ orúkọ àrùn náà. Ibà lè mú orí fọ́, ebi lè mú un fọ́, àìsùn pẹ̀lú lè mú un fọ́. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ti òwò.

Lọ́dọọdún ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkìtì àti ti Pólítẹ́kíníìkì Ìjọba Àpapọ̀ tí ó wà ní Adó ń kọ ìwé ìwádìí kí wọ́n tó gba ìwé ẹ̀rí. Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ni í kọ́kọ́ mú àkọlé bí èyí wá: “Ìdí tí òwò kò fi gbèrú ní Ìpínlẹ̀ Èkìtì.” Òwò ta ni? Òwò kí ni? Láti ìgbà wo? Ìlú wo ni a fi ń wé e tí a fi mọ̀ pé kò gbèrú? Ẹni tí ó bá dáwọ́ lé irú àkọlé bẹ́ẹ̀ dà bí ẹni tí ó gbé agbọ̀n lọ sí odò láti fi pọn omi. Yóò ṣiṣẹ́ títí, kò ní mú nǹkan kan bọ̀ wálé.

Ẹ jẹ́ kí a mú ẹnì kan ṣoṣo, kí a sì wò ó dáadáa. Obìnrin kan ń ta iṣu ní ọjà Adó. Nígbà tí iṣu bá dé láti oko, tí ó sì pọ̀, owó rẹ̀ a máa rọlẹ̀. Bí obìnrin yìí bá ní owó púpọ̀ lọ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan náà, yóò bá àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ra ẹrù ọkọ̀ kan. Bí kò bá ní in, yóò ra díẹ̀díẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tí ó ní in, yóò sì san jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí a bá bi í pé kí ni ìṣòro rẹ̀, yóò wí pé, “Owó kò tó.”

Ẹni tí ń kánjú yóò gbọ́ èyí, yóò sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé: “Kí ni ìdí tí àwọn báńkì kò fi ń yá àwọn obìnrin ọlọ́jà lówó?” Ẹ kíyèsí ohun tí ó ṣe. Ó ti fi ìdáhùn sínú ìbéèrè. Obìnrin náà wí pé owó kò tó. Kò wí pé ẹ̀yáwó ni òun ń wá. Ó lè jẹ́ pé owó ń wọlé fún un, ṣùgbọ́n kò dúró. Ó lè jẹ́ pé àwọn oníbàárà rẹ̀ ra ọjà láwìn, wọn kò sì san.

Nítorí náà, ẹ fi ohun mẹ́rin dán ìbéèrè yín wò. Èkínní: ǹjẹ́ ó dárúkọ àwọn ènìyàn àti ibi tí wọ́n wà? Èkejì: ǹjẹ́ a lè fi ojú rí ìdáhùn rẹ̀, tàbí kí a kà á, tàbí kí a gbọ́ ọ lẹ́nu ẹni tí ọ̀ràn kàn? Ẹ̀kẹta: ǹjẹ́ ìdáhùn náà lè lòdì sí ohun tí ìwọ fúnra rẹ rò tẹ́lẹ̀? Bí kò bá lè lòdì sí ọ, ìwọ kò béèrè ohunkóhun. Ẹ̀kẹrin: ǹjẹ́ ẹnì kan wà tí yóò ṣe nǹkan lọ́nà mìíràn nígbà tí ó bá gbọ́ ìdáhùn náà?

II. Bí ìbéèrè ti ń kéré sí i

Obìnrin tí a sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí ní nǹkan mìíràn tí ó ń ṣe. Ní ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀, ó ń dá èsúsú. Kí a tó lọ síwájú, ó yẹ kí a fi ìyàtọ̀ sáàárín ọ̀rọ̀ méjì tí a sábà máa ń dàpọ̀, nítorí ẹni tí kò túmọ̀ ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò mọ ohun tí yóò kà. Nínú èsúsú, àwọn ènìyàn kan fi ẹnu kò láti dá iye owó kan náà ní àkókò kan náà. Ẹnì kan a sì kó gbogbo rẹ̀, títí yóò fi kárí. Nínú àjọ ojoojúmọ́, alájọ a máa lọ láti ìsọ̀ dé ìsọ̀ gba owó. Nígbà tí oṣù bá parí, a dá owó olúkúlùkù padà fún un, a sì yọ owó ọjọ́ kan gẹ́gẹ́ bí owó iṣẹ́ rẹ̀. Nínú ti ìṣáájú, ẹnì kan ń lo owó ẹlòmíràn. Nínú ti ìkẹyìn, kálukú ń gba owó ara rẹ̀, ó sì ń sanwó kí a tó bá a tọ́jú rẹ̀.

Nígbà náà ni ìbéèrè wa kéré sí i, tí ó sì mú sí i: Kí ni àwọn obìnrin tí ń ta iṣu ní ọjà Adó ń wá nínú èsúsú? Ṣé owó ńlá tí ó yá, tàbí ibi ìpamọ́ tí ó dájú? A lè dáhùn èyí. Ṣùgbọ́n kí a tó gbé pẹ́ńsù lọ sí ọjà, ẹ jẹ́ kí a bi àwọn aṣáájú.

III. Ohun tí àwọn aṣáájú kọ

Àlùfáà Samuel Johnson ti Ọ̀yọ́ parí ìwé ìtàn rẹ̀ nípa àwọn Yorùbá ní ọdún 1897. Ó kú ní 1901, arákùnrin rẹ̀ Obadiah ni ó sì ṣe aápọn títí a fi tẹ ìwé náà jáde ní 1921. Nínú rẹ̀ ni ó ti sọ bí a ti ń dá èsúsú, tí ó sì wí pé ó ń jẹ́ kí tálákà lè ṣe ohun tí ó níláárí tí ó gba owó púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. William Bascom, ará Amẹ́ríkà, gbé ní Ilé-Ifẹ̀ ní 1937 sí 1938, ó sì kọ̀wé lórí èsúsú ní 1952, níbi tí ó ti tò ó lẹ́sẹẹsẹ bí a ti ń ṣètò rẹ̀. Nígbà náà, Melville Herskovits àti ìyàwó rẹ̀ Frances ti rí irú rẹ̀ ní erékùṣù Trinidad, wọ́n sì ti kọ ọ́ sínú ìwé ní 1947. Àwọn ará ibẹ̀ ń pè é ní susu. Orúkọ náà bá àwọn tí a kó lẹ́rú ré òkun kọjá.

Títí dé ibí yìí, àwọn òǹkọ̀wé ń sọ ohun tí èsúsú jẹ́. Ní 1962 ni àríyànjiyàn bẹ̀rẹ̀. Clifford Geertz, tí ó ti ṣe ìwádìí ní Java, wí pé irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ dà bí àkàsọ̀ tí ó wà láàárín àgbẹ̀ àti oníṣòwò: ó ń kọ́ àwọn ènìyàn ní ọ̀nà owó, àti pé báńkì àti ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ yóò gba ipò rẹ̀ bópẹ́ bóyá. Ní 1964 ni Shirley Ardener kó ìròyìn jọ láti ọ̀pọ̀ ilẹ̀, ó sì fi hàn pé ọ̀rọ̀ náà kò rí bẹ́ẹ̀ níbi gbogbo, nítorí àwọn tí ó mọ báńkì pẹ̀lú ń dá a. Ìgbà ti fi hàn pé Ardener ríran: ilé báńkì wà ní Adó lónìí, èsúsú náà sì wà.

Lẹ́yìn náà ni ìbéèrè yí padà di, “Èé ṣe tí wọ́n fi ń dá a?” Ní 1993, Timothy Besley, Stephen Coate àti Glenn Loury fi ìṣirò dáhùn. Mo ṣe àpẹẹrẹ kan kí ó lè yé wa. Obìnrin mẹ́wàá ń dá 5,000 náírà lọ́sẹ̀; ẹni tí ó kan yóò kó 50,000. Bí olúkúlùkù bá fi owó pamọ́ ní òun nìkan, gbogbo wọn yóò dúró di ọ̀sẹ̀ kẹwàá kí wọ́n tó ní 50,000. Ṣùgbọ́n nínú èsúsú, ẹni àkọ́kọ́ ní in ní ọ̀sẹ̀ kìíní, ẹnì kejì ní ọ̀sẹ̀ kejì, títí dé ẹnì kẹsàn-án. Mẹ́sàn-án ni ó jèrè àkókò. Ẹnì kan ṣoṣo ni kò jèrè àkókò rárá, èyíinì ni ẹni ìkẹyìn. Bí ó bá jẹ́ pé ìbò ni a ṣẹ́, a lè wí pé ó retí pé ìbò yóò ṣẹ́ mọ́ òun lára, kò sì bọ́ sí i. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ pé òun fúnra rẹ̀ ni ó bẹ̀bẹ̀ pé kí a fi òun sí ìkẹyìn ńkọ́?

Ní 2002, Siwan Anderson àti Jean-Marie Baland tẹ ìwádìí wọn jáde láti Kibera, ní ìlú Nairobi. Obìnrin ni ó pọ̀ jù nínú ẹgbẹ́ wọ̀nyí níbẹ̀, àwọn òǹkọ̀wé náà sì wí pé ọ̀pọ̀ aya ń lò ó kí owó lè kúrò nílé, kí ọkọ má baà ná an. Bí èyí bá rí bẹ́ẹ̀, ìpamọ́ ni àwọn kan ń wá. Ó lè jẹ́ pé ìdí nìyí tí ẹni ìkẹyìn pẹ̀lú fi dúró.

IV. Ohun tí ìwé kíkà ń ṣe

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ má ṣe rò pé kíka orúkọ òǹkọ̀wé jọ ni a ń pè ní yíyẹ ìwé wò. Ẹni tí ó kọ̀wé pé, “Lágbájá wí báyìí, Làmọ̀rín wí báyìí,” títí ojú ewé mẹ́wàá, kò tíì yẹ ohunkóhun wò. Ẹ jókòó bí onídàájọ́ tí ń gbọ́ ẹjọ́. Níbo ni ẹnu wọn kò? Níbo ni wọ́n ti takora? Níbo ni òǹkọ̀wé yìí ti wò, nígbà wo, ta ni ó bi, kí ni kò béèrè?

Bí a bá ṣe bẹ́ẹ̀, a ó rí i pé Kibera kì í ṣe Adó. Nílẹ̀ Yorùbá, owó òwò obìnrin jẹ́ tirẹ̀ láti ìgbà ìwáṣẹ̀. Ọkọ kì í sábà mú kọ́kọ́rọ́ rẹ̀. Nítorí náà, bí obìnrin wa bá ń fi owó pamọ́, ó lè jẹ́ nítorí ẹ̀bẹ̀ ìbátan, tàbí owó ilé ìwé àwọn ọmọ, tàbí ìnáwó òkú àti ìgbéyàwó, tàbí nítorí ọwọ́ òun tìkára rẹ̀. Ẹ wo bí ìbéèrè wa ti tún padà wá, tí ó sì dára jù ti ìṣáájú lọ: Nínú àwọn obìnrin tí ń ta iṣu ní ọjà Adó, àwọn wo ni ó ń fẹ́ kó èsúsú ní ìbẹ̀rẹ̀, àwọn wo ni ó ń yàn láti kó o ní ìkẹyìn, àti pé lọ́wọ́ kí ni àwọn ti ìkẹyìn fi ń pa owó wọn mọ́? A kò bá má ti mọ̀ pé ó yẹ kí a bi ẹni ìkẹyìn léèrè, bí kò ṣe pé a kàwé.

V. Ohun tí ó rọ̀ mọ́ ọn

Ẹnì kan lè wí pé ọ̀rọ̀ ilé ìwé lásán ni èyí. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ní 1990 ni a bẹ̀rẹ̀ sí dá báńkì àwùjọ sílẹ̀ ní Nàìjíríà fún àwọn oníṣòwò kéékèèké. Ní 2005 ni Báńkì Àpapọ̀ gbé ètò tuntun jáde, tí a fi sọ wọ́n di báńkì ayánilówó kéékèèké. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2010, Báńkì Àpapọ̀ gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ 224 nínú irú báńkì bẹ́ẹ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ó dá ti àwọn kan padà lẹ́yìn náà. Ohun tí ó mú báńkì ṣubú pọ̀, n kò sì fẹ́ dín in kù sí ọ̀kan. Ṣùgbọ́n ẹ rántí obìnrin wa. Bí ó bá jẹ́ pé àpótí tí ó dájú ni ó ń wá, tí a sì lọ yá a lówó èlé, gbèsè ni a gbé rù ú. Bí ó bá sì jẹ́ pé owó ńlá ní àkókò iṣu ni ó ń wá, tí a lọ kọ́ ọ ní ìfowópamọ́, a ti fi àkókò rẹ̀ ṣòfò, iṣu yóò sì ti wọ́n kí a tó parí ẹ̀kọ́. Ìbéèrè tí kò tọ́ kì í pa ẹni tí ó béèrè rẹ̀ lára. Ẹni tí a béèrè rẹ̀ nítorí rẹ̀ ni í san owó rẹ̀.

Nítorí náà, kí olúkúlùkù yín kọ ìbéèrè rẹ̀ sórí ìwé ní gbólóhùn kan, ní èdè Yorùbá tí ó mọ́ gaara. Kí ó kàwé, kí ó sì tún un kọ. Lẹ́yìn náà, kí ó mú un lọ sí ọjà, kí ó kúnlẹ̀ tàbí kí ó dọ̀bálẹ̀ kí ìyá kan tí ó ti ń ta iṣu fún ọdún púpọ̀, kí ó sì kà á sí etí rẹ̀. Bí ìyá náà bá wí pé, “Ọmọ mi, ohun tí ó ń dà wá láàmú kọ́ nìyẹn,” kí ó má bínú. Kí ó padà sílé, kí ó sì tún un kọ.