Ọmọ Ogun àti Ará Ìlú Nínú Àwòrán Ẹ̀fẹ̀ Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, 1797 sí 1819

Ohun tí mo fẹ́ yẹ̀ wò nínú iṣẹ́ yìí ni àwọn àwòrán ẹ̀fẹ̀ tí wọ́n ń tà nílùú London ní àsìkò tí Gẹ̀ẹ́sì ń bá Faransé jagun, àti ní kété lẹ́yìn ogun náà. Ó rọrùn láti mú wọn gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rí nípa ìgbé-ayé ọmọ ogun. Èrò tèmi ni pé ará ìlú ni wọ́n ń jẹ́rìí nípa rẹ̀ jù: ohun tí ó ń bà á lẹ́rù àti ohun tí ó ń bí i nínú.

Ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ wo ẹni tí ó ń rà wọ́n. Sára bàbà pẹlẹbẹ ni ayàwòrán ti ń fín àwòrán. Wọn a tẹ̀ ẹ́ sórí ìwé, wọn a sì fi ọwọ́ kùn ún. Ṣílè 2 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ni wọ́n sábà ń ta èyí tí a kùn. Láti 1797, ṣílè 1 lóòjọ́ ni owó iṣẹ́ ọmọ ogun ẹlẹ́sẹ̀ tí kò ní ipò. Iṣẹ́ ọjọ́ méjì ni yóò fi ra àwòrán kan ṣoṣo tí wọ́n fi òun gan-an ṣe yẹ̀yẹ́. Ọlọ́lá ni ó ń rà á. Tálákà a máa wò ó lọ́fẹ̀ẹ́ lójú fèrèsé ìsọ̀. James Gillray tilẹ̀ ya irú àwọn awòran bẹ́ẹ̀ ní 1808, níwájú ìsọ̀ Hannah Humphrey ní òpópónà St James's.

Abájọ tí ó fi jẹ́ pé àárín ìgboro ni a ti ń bá ọmọ ogun pàdé nínú wọn. Ní 1797, Gillray ya àwọn ọ̀gá ológun tí wọ́n ń jẹ ohun dídùn nínú ìsọ̀. Lọ́dún kan náà, ó ya àwọn ará ìlú tí wọ́n fínnúfíndọ̀ di ọmọ ogun, tí wọ́n ń rọ́ lọ ní Bond Street bí ẹni pé ọ̀tá ni àwọn obìnrin tí ń kọjá. Ẹ̀rín lásán nìyẹn.

Ní 1809, ẹ̀rín náà korò. Mary Anne Clarke, àlè àná fún Duke of York, jẹ́wọ́ pé òun gba owó lọ́wọ́ àwọn tí ń wá ipò ọ̀gá ológun. Duke yìí, ọmọ Ọba George Kẹta, ni olórí gbogbo ọmọ ogun. Rírà ipò kò lòdì sófin nígbà náà, 1871 ni wọ́n fòpin sí i. Ṣùgbọ́n ti Clarke gba ẹ̀yìnkùlé. Ọ̀pọ̀ àwòrán ni Thomas Rowlandson ṣe lórí ọ̀rọ̀ náà. Ilé Aṣòfin dá Duke láre, síbẹ̀ ó fipò sílẹ̀ ní oṣù kẹta ọdún náà.

Ní ọjọ́ 16 oṣù kẹjọ, 1819, àwọn ọmọ ogun ẹlẹ́ṣin kọlu àwọn tí ó pé jọ ní Manchester láti béèrè ẹ̀tọ́ ìdìbò. Ó kéré tán, ènìyàn 15 kú. Púpọ̀ nínú àwọn tí ó kọ́kọ́ kọlù wọ́n jẹ́ onísọ̀ àti oníṣòwò ìlú náà. George Cruikshank fi àáké alápatà lé wọn lọ́wọ́. Ọ̀rọ̀ tí ó fi sí ọ̀kan lẹ́nu ni pé bí wọ́n bá ṣe pa ènìyàn tó ni owó orí tí a fi ń bọ́ aláìní yóò ṣe dín kù tó.

Àwọn àgbà ní ọ̀rọ̀ tí ó bá ju ẹkún lọ, ẹ̀rín ni a fi ń rín in. Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ bí ọmọ ogun ṣe jẹun, tí ó sì sùn, kí ó wá ìwé tí ọmọ ogun fúnra rẹ̀ kọ. Ìbéèrè ará ìlú ni àwọn àwòrán wọ̀nyí gbé kalẹ̀: ta ni ọmọ ogun ń gbé ohun ìjà fún?